Àyípadà Ìtàn àti Ẹ̀hónú Òǹkàwé: Àpẹẹrẹ Spider-Man

Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín ni pé kì í ṣe gbogbo àyípadà ni ó ń bí òǹkàwé ìtàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ nínú bákan náà.

Ọdún 1962 ni Spider-Man kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìtàn aláwòrán ilé-iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà. Ní 1973, wọ́n pa Gwen Stacy, olólùfẹ́ akọni náà. Ó dun àwọn òǹkàwé púpọ̀. Síbẹ̀, ikú náà di ara àhunpọ̀ ìtàn.

Ti 2007 yàtọ̀. Láti 1987 ni akọni náà, Peter Parker, ti fi Mary Jane ṣaya. Nínú 'One More Day', wọ́n fi ìgbéyàwó wọn fún ẹ̀mí burúkú kan, Mephisto, kí Aunt May tí ó tọ́ Peter dàgbà má baà kú. Wọn kò kọ ara wọn sílẹ̀. Ńṣe ni ìgbéyàwó náà di ohun tí kò wáyé rí. J. Michael Straczynski tí ó kọ ìtàn náà gan-an kò fara mọ́ ìparí tí olóòtú àgbà, Joe Quesada, fẹ́.

Lójú tiwa, ogún ọdún tí òǹkàwé fi bá tọkọtaya náà rìn ni a sọ di asán. Nítorí náà, ó yẹ kí lámèyítọ́ ya àyípadà tí ń fi kún ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ń pa á rẹ́.