Bí ọkọ̀ yín bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un

Ẹ lè máa béèrè pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ó kàn wá gan-an ni, nítorí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ yẹn, àwọn ọmọ yín àti ìyá àgbà ló wà nínú rẹ̀.

Bí aláìsàn bá ní ara òun ń gbọ̀n, a kì í sáré fún un lóògùn. A ó kọ́kọ́ bi í pé ìgbà wo ló máa ń gbọ̀n, kí ló sì máa ń bá a rìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe fún ọkọ̀ yín, kí ẹ tó máa ra èyí ra tọ̀hún.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ìta gbangba níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí ẹ sì tẹ búréèkì ẹsẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ èyí tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, ẹ fi í sí D, lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sí N. Bí gbígbọ̀n náà bá lọ sílẹ̀ ní N, ẹ́ńjìn-síìtì, ìyẹn ìjókòó ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Rọ́bà ara rẹ̀ máa ń gbó, ó sì máa ń ya.

Bó bá ń gbọ̀n ní D àti N, tí ìró rẹ̀ kò dọ́gba, tí epo ń tètè tán, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí epo má jóná dáadáa. Kí mẹkáníìkì yẹ pọ́lọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, nọ́sùlù àti rọ́bà afẹ́fẹ́ wò. Bí iná ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú awakọ̀ bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wa ọkọ̀ náà jìnnà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà tó ń rìn nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ tètè wò ó bóyá táyà ti wú, tàbí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tú.

Ibi tó kan ìlera nìyí. Epo tí kò jóná tán máa ń mú gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ́ńjìnnì tó ń mì lórí ìjókòó tó ti ya sì lè ba páìpù sáílẹ́ńsà jẹ́, kí èéfín máa wọlé bá yín. Inú ẹ̀jẹ̀ ni gáàsì yìí ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń gba àyè afẹ́fẹ́ tí ara ń lò. Orí fífọ́, òòyì, èébì, àárẹ̀: àwọn kan á rò pé ibà ni. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe yín nínú ọkọ̀, tó sì ń fúyẹ́ bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, pàápàá tó bá ń ṣe ju ẹnì kan lọ, ẹ fura. Ó máa ń tètè mú àwọn ọmọdé, arúgbó, ọlẹ̀ inú aboyún àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn.

Ẹ pa ọkọ̀ náà, kí gbogbo yín bọ́ síta gbangba. Bí ẹnì kan bá ń ṣe ràn-ìn-ràn-ìn tàbí tó dákú, ọsibítù ni, kí ẹ sì sọ fún wọn pé inú ọkọ̀ ló ti ṣe é. Ẹ má sùn nínú ọkọ̀ tó wà lórí ìdúró nítorí pé ẹ fẹ́ gbádùn éésì.

Owó ẹ́ńjìn-síìtì kò tó owó ọsibítù. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.