Ìwé Kíkà Kò Pin sí Inú Kíláàsì

Ọ̀pọ̀ òbí, pàápàá àwọn tí ń fi òógùn ojú san owó ilé-ìwé, ló ti bi wá pé èrè wo ló wà nínú mímú ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì nígbà tí kò tíì lè kàwé já geere. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí kò jẹ́ kí ó kà á já geere lè wà níta.

Ohun méjì ni ọmọ ń ṣe pọ̀ bí ó bá ń kàwé: ó ń pe ọ̀rọ̀ jáde láti ara lẹ́tà, ó sì ń so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ohun tí ó mọ̀. Ti àkọ́kọ́ ni a máa ń gbájú mọ́. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè ka odindi ojú ìwé bí ẹni ń ka kátíkísìmù, ṣùgbọ́n bí a bá bi í ní ohun tí ó kà, yóò máa wo òkè àjà.

Odò Ìyá Aláró ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mende wa yìí. Àìmọye ọmọ ń pe orúkọ náà láìmọ̀ pé iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá kó wọn dé ìtòsí odò náà (kí wọ́n jìnnà sí bèbè o, kí olùkọ́ má sì jẹ́ ẹyọ kan), tí ó ní kí wọ́n kọ orúkọ náà kí wọ́n sì tú u, wọn yóò bèèrè pé, kí ni aró? Nígbà náà ni a ó sọ bí a ti ń gún ewé èlú, tí a ń ṣù ú, tí a ń sá a, kí a tó fi omi eérú pò ó nínú ìkòkò tí a fi ń rẹ aṣọ. Bí wọ́n bá padà, kí olúkúlùkù kọ gbólóhùn márùn-ún, kí wọ́n sì ka ti ara wọn. Bí ẹnìkan bá kọ nípa ìdọ̀tí inú odò náà, ẹ má pa á rẹ́. Ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pàdé àdìrẹ Abẹ́òkúta nínú ìwé, yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A”, Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà. Gẹ̀ẹ́sì ní olùkọ́ tirẹ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ètò èdè ni, kì í ṣe ti ìrìn síta, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni: ohun tí ọmọ mọ̀ ni ó fi ń lé ohun tí kò mọ̀ bá.

Ọgbà ẹranko àti igbó tó wà ní Lekki láti 1990 dára púpọ̀. Síbẹ̀, bí fọ́tò àti mítípáì nìkan ni àwọn ọmọ bá mú bọ̀, eré ni wọ́n lọ ṣe. Òbí tí kò sì lówó bọ́ọ̀sì ní ọjà Mile 12 nítòsí: kí ọmọ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà, kí ó kọ iye tí wọ́n tà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì kà á fún yín lálẹ́.