Ejìnrìn Ara Ògiri

Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Bàrígà, bí àgbo ibà kò bá ran ọmọ, ohun tí ìyá àgbà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó sè é ni pé, “Ṣé o fi ejìnrìn sí i?” Bí onítọ̀hún bá ń wòkè wòlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé yá nìyẹn. Ejìnrìn kò wọ́n nígbà náà. Láti ìhà Ìlàjẹ títí wọ Ṣómólú, kò sí ògiri tó ti gbó tí kì í fà mọ́.

Ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ewé rẹ̀ ya síra jinjin, òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè. Àárọ̀ ni òdòdó náà ń là, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti rọ. Tí èso rẹ̀ bá pọ́n, á bẹ́ sí mẹ́ta, ohun pupa fòò á yọ nínú rẹ̀. Àwa ọmọdé a máa lá a nítorí adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé hóró mì yóò jẹ ìyà, torí májèlé wà nínú hóró yẹn.

Ibi ìwẹ̀ gan-an ni ejìnrìn ti jẹ́ ọ̀gá. Bí èélá tàbí làpálàpá bá bo ọmọ lára, ìyá àgbà á já ìtàkùn náà ní ẹ̀kún ọwọ́ méjì, á kó o sínú báàfù omi, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ó títí omi yóò fi dúdú, tí yóò sì máa hó. Ìtàkùn tó gbo tán náà ni yóò fi ṣe kànìnkàn, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. A kì í fi omi mìíràn ṣan ara lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ ìnura kò sì gbọdọ̀ kan ọmọ. Bó ṣe dúró náà ni ara rẹ̀ yóò ṣe gbẹ. Ti ibà, wọ́n á gbo ó, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kíkorò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu bọ̀rọ̀.

Àwọn alágbo a tún máa rẹ ẹ́ sínú ògógóró fún jẹ̀díjẹ̀dí. Èyí ni n kò fara mọ́, torí ọtí yẹn lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà náà gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó mu ún, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà wálẹ̀ jù.

Èèwọ̀ ni fún aboyún láti mu ejìnrìn. Àwọn àgbà kò ṣàlàyé, ṣùgbọ́n wọ́n jàre, nítorí ó lè ba oyún jẹ́. Wọ́n tún ní a kì í já ewé lóru torí pé ewé ti sùn. N kò já a lóru rí, n kò sì ní já a, torí ewé míì lè bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́ nínú òkùnkùn.

Ejìnrìn ti rìn jìnnà. Ní Jàmáíkà, cerasee ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń sè é bíi tíì láti fi fọ inú. Cundeamor ni lẹ́nu àwọn ará Kúbà. Àwọn ará Íńdíà àti Ṣáínà ti sọ èso rẹ̀ di ńlá, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè.

Sìmẹ́ńtì ti gba ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n garawa pẹ́ńtì kan tí a lu ìdí rẹ̀ ti tó fún un. Ẹ fọ nǹkan pupa kúrò lára hóró, ẹ rẹ hóró náà sómi mọ́jú, kí ẹ rì í bọlẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yóò ti hù. Oòrùn ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ ta okùn fún un lára fèrèsé. Òdòdó tó bá ní èso kékeré lẹ́yìn ni abo. Akọ kì í ní in, oyin ló sì ń gbé àtíkè akọ lọ bá abo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń fẹ́ omi lójoojúmọ́. Ẹ máa já a láti orí, á tún pẹ̀ka. Èyí tó bá hù létí gọ́tà, ẹ má ṣe fi se àgbo.