Ogun Lé Wọn Dé Orù, Ọjà Gbà Wọ́n

 

Àwa tó ń gbé ọjà lọ sí Orù-Ìjẹ̀bú nígbà náà ò lè gbàgbé ọdún 1990. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà lóṣù Kejìlá ọdún 1989, ìjọba wa sì ṣí ibùdó sí Orù fún àwọn tó sá wá.

Ìyá kan nínú wọn di oníbàárà wa. Ọmọ mẹ́ta ló kó wá, ọkọ ò sí mọ́. Ọlọ́jà ni nílé rẹ̀ ní Monrovia. Àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Ó ní òun ò lè gbàdúrà mọ́, pé bí òun bá ti dijú, ìró ìbọn lòun ń gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó ní ká bá òun wá ewé ẹ̀gẹ́ tí àwa ń jù nù. A rẹ́rìn-ín. Ó gún un, ó fi epo sè é, ó gbé e wá pẹ̀lú ìrẹsì. Ẹ̀rín wa di "ẹ bù sí i".

Nígbà tó yá, ó bẹ̀ wá fún epo láwìn, kó máa fi ìgò tà á ní ibùdó. Ọ̀rọ̀ dàrú! Àwọn kan ní, "Bó bá sá lọ ńkọ́, ilé ta la máa lọ?" Àgbà kan láàárín wa dáhùn pé, "Bí a ò bá gbà á gbọ́, báwo lòun náà ṣe máa tún gba ẹnikẹ́ni gbọ́?" La bá gbé kẹ́ẹ̀gì kan fún un. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó san owó wa pé. Ó ní, "Mo gbàdúrà láàárọ̀ yìí."

Lọ́dún 2003, àwọn obìnrin Làìbéríà, Mùsùlùmí àti Kristẹni, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, wọ́n ní ogun tó. Leymah Gbowee ló ṣáájú wọn, ọlọ́jà sì pọ̀ nínú wọn. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Accra.

Ìyá wa padà sílé. Àwọn mìíràn dúró, wọ́n sì ti bímọ síbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ọmọ wọn ní "ará ibùdó" mọ́. Bó bá wá gba ọjà láwìn, ìwà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo ìlú rẹ̀. Àlejò lónìí, oníbàárà lọ́la ni.

Ogun ò ní tú ọjà wa ká o. Àmín.