Wáàtì Tí A Kọ Sára Sípíkà Ọkọ̀: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Fi Í Rajà

Ìfáàrà

Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ní ọkọ̀ tàbí tí ó ń wọ ọkọ̀ èrò. Bí a bá dé ọjà Alábà ní Èkó, tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ́wáyà tí ó wà nítòsí ilé wa, a ó rí páálí sípíkà ọkọ̀ tí a tò léra wọn. A kọ 300 wáàtì sára ọ̀kan, 600 sára èkejì, 1,200 sára ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí tí òǹkà rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò dún jù, pé òun náà ni yóò sì tọ́ jù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé èrò méjèèjì yìí kò tọ̀nà. Wáàtì ara sípíkà kì í ṣe ìwọ̀n ariwo. Ìwọ̀n ooru tí sípíkà náà lè fara dà ni, bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá sọ òtítọ́.

Kí ni wáàtì ń ṣe nínú sípíkà?

Wáàtì ni a fi ń wọn agbára, èyí ni bí iṣẹ́ tí a ń ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó. Orúkọ James Watt, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Skọ́tíláǹdì tí ó kú ní 1819, ni a fi sọ ọ́. Nínú iná mànàmáná, bí a bá sọ fóòtì di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí a sì fi ìwọ̀n ìdènà tí a ń pè ní óòmù pín in, wáàtì ni a ó rí.

Irú sípíkà tí a ń lò títí di òní ni èyí tí Chester Rice àti Edward Kellogg ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà ní 1925. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a ká bí òrùka. A fi í sí àárín òòfà, a sì so ó mọ́ awọ. Bí iná bá ti ń gba inú wáyà náà kọjá, òòfà a máa tì í síwájú, a sì máa fà á sẹ́yìn. Awọ náà a sì máa mi afẹ́fẹ́ bí awọ gángan ti ń mì í. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń rí nínú iṣẹ́ yìí kéré púpọ̀. Nínú 100 wáàtì tí ó wọ inú sípíkà, nǹkan bí wáàtì 1 péré ni ó ń di ohùn. Gbogbo ìyókù a di ooru lára wáyà kíká náà. Bí ooru ọ̀hún bá pọ̀ ju èyí tí ó lè tú dànù lọ, àtè tí ó di wáyà mú a yọ́, wáyà a jó, sípíkà a sì ya odi.

Òǹkà òjijì àti òǹkà àìdáwọ́dúró

Òǹkà méjì ni ó sábà máa ń wà lára páálí. Èkínní ni èyí tí a kọ MAX tàbí PEAK sí, tí a sì kọ gàdàgbà. Èkejì ni RMS, tí a máa ń kọ wínníwínní sí ìdí páálí. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n wé alábàárù. Alábàárù lè gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta sókè kúrò nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó rù ú láti ibùdókọ̀ dé ilé, ọ̀kan ni yóò rù. MAX ń sọ ohun tí sípíkà lè gbé sókè lójijì. RMS ń sọ ohun tí ó lè rù dé ilé.

Ní ti ìṣirò, ọ̀nà tí a fi ń rí fóòtì àìdáwọ́dúró láti inú ìgbì tí ń lọ sókè sódò ni RMS. Bí ìgbì náà bá mọ́ dáadáa, agbára tí ó wà ní góńgó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì agbára àìdáwọ́dúró. Nítorí náà, bí a bá rí páálí tí ó kọ 600 fún MAX, tí ó sì kọ 60 fún RMS, kí a mọ̀ pé 600 náà kò bá ìṣirò yìí mu.

Kí ni ó dé tí ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tí ó wù ú? Ní 1974, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣètò òwò, Federal Trade Commission, ṣe òfin lórí bí a ṣe gbọ́dọ̀ kéde agbára ámpílífáyà, èyí ni ẹ̀rọ tí ń fún ohùn lágbára. Ámpílífáyà inú ilé ni òfin náà dé. Kò dé ti inú ọkọ̀. Ní 2003 ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gbé ìlànà CEA-2006 kalẹ̀ fún ti ọkọ̀: kí a wọn agbára ní fóòtì 14.4, lórí óòmù 4, kí àbùkù ohùn má sì ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wù ni ó ń tẹ̀ lé e.

Àpẹẹrẹ kan: rédíò tí a kọ «50 × 4» sí

Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ni a kọ ọ́ sí lójú pé 50 wáàtì ni ó ń fún sípíkà mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fóòtì tí ó wà nínú ọkọ̀ kì í sábà ju 14.4 lọ. 14.4 lọ́nà 14.4 jẹ́ 207.36. Bí a bá fi óòmù 4 pín in, ó kù 51.84. Ibẹ̀ ni 50 ti wá! Ṣùgbọ́n kí rédíò tó lè dé ibẹ̀, a gbọ́dọ̀ yí ohùn rẹ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì ohùn yóò fi di onígun mẹ́rin, bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé orí àti ìdí rẹ̀. Ohùn bẹ́ẹ̀ a máa ha ni létí. Bí ìgbì bá mọ́, ìdajì rẹ̀ ni a ó rí, èyí tí kò pé 26. Bí a bá yọ ohun tí ó ń ṣòfò nínú rédíò fúnra rẹ̀, nǹkan bí 15 sí 20 ni ó ń kù.

Kí ni ó ń jẹ́ kí sípíkà dún?

Òǹkà kan wà tí àwọn oníbàárà kì í wò, èyí tí a kọ dB sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni, ó ń sọ bí sípíkà ti dún tó bí a bá fún un ní wáàtì 1, tí a sì dúró ní mítà 1 sí i. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ó ń lé e. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ wo sípíkà méjì. Èkínní gbé òǹkà 600 sórí páálí, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 87. Èkejì kò ju 60 RMS lọ, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 93. Bí a bá fún èkejì ní wáàtì 20, wáàtì 80 ni a ó fún èkínní kí wọ́n tó lè dọ́gba. Rédíò tí kò ní ju 20 lọ kò lè rí i fún un. Ẹni tí ó ra òǹkà ńlá ni yóò gbọ́ ohùn kékeré.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́

Àwọn kan rò pé ámpílífáyà kékeré kò lè ba sípíkà ńlá jẹ́. Ó lè bà á jẹ́. Bí agbára rẹ̀ kò bá tó, oní-nǹkan a yí i dé òpin; ìgbì ohùn a di gígé; agbára àìdáwọ́dúró tí ń jáde lè di ìlọ́po méjì èyí tí a kọ, apá kan rẹ̀ yóò sì lọ sọ́dọ̀ sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn tínrín jáde. Òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jó. Nítorí náà, kí RMS ámpílífáyà àti ti sípíkà súnmọ́ ara wọn, kí a má sì fi ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ ti ń ha gbọ́ orin. Kí óòmù wọn náà bára mu: bí a bá so sípíkà olóòmù 4 méjì mọ́ ojú kan ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, óòmù 2 ni ámpílífáyà yóò bá pàdé.

Fíúsì pẹ̀lú lè tú àṣírí. Bí fíúsì ámpílífáyà bá jẹ́ ti ámpíà 30, fóòtì 14.4 lọ́nà 30 jẹ́ 432 wáàtì. Èyí ni gbogbo ohun tí ó lè máa wọlé láìdáwọ́dúró. Ámpílífáyà oríṣi AB ń gbé nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 jáde, èyí tí ó tó 260. Oríṣi D a máa gbé nǹkan bí 80 jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 350. Bí a bá kọ 2,000 sára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, níbo ni ìyókù yóò gbà wọlé?

Etí wa ńkọ́?

Àjọ NIOSH ní Amẹ́ríkà, tí ń ṣe ìwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, dámọ̀ràn pé kí ẹni tí ó wà nínú ariwo dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 má ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Bí ó bá fi 3 lé e, kí a dín àkókò náà kù sí ìdajì. Sípíkà wa tí ó jẹ́ 93, pẹ̀lú wáàtì 20 péré, lè dé 106 ní mítà kan. Àkókò tí ìlànà yìí fi sílẹ̀ fún irú ariwo bẹ́ẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú 4. Awakọ̀ tí ń fi wákàtí mẹ́wàá wà nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́ kò nílò 1,200 wáàtì láti pàdánù etí rẹ̀. Wáàtì 20 tí ó jẹ́ òtítọ́ ti tó.

Ìgúnlẹ̀

Nígbà tí a bá tún dé ìsọ̀, ẹ jẹ́ kí a bi ọlọ́jà ní ìbéèrè mẹ́rin. Èló ni RMS rẹ̀? Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mélòó ni ní wáàtì kan? Óòmù mélòó ni? Èló ni RMS ẹ̀rọ tí yóò gbé e? Páálí tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, kí a dá a padà sórí àtẹ, bí ó ti wù kí òǹkà iwájú rẹ̀ tóbi tó. Owó tí a fi òógùn wá kò yẹ kí a fi ra òǹkà. Ohùn ni kí a fi rà.