Obì Tí Kò Tíì Níhò

Nílé Ìyá Àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òórùn awọ obì tó ń jẹrà ló máa ń jí wa lásìkò ìkórè. Bí gbànja bá ti oko dé, a ó dà á sínú omi kí awọ funfun tó bò ó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà la ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó jẹ́ kí omi rò dànù lára rẹ̀. Àwa ọmọdé là ń ṣe gbogbo ìyẹn. Iṣẹ́ tí Ìyá Àgbà kì í gbé fún ẹnikẹ́ni ni ṣíṣà. Á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn dáadáa, á mú obì lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi àtàǹpàkò yí i, á wo ojú ìlà tó pín in sí méjì. Ihò tín-ń-tín bí ojú abẹ́rẹ́ ló ń wá.

Èyí tí kò níhò ló ń yà mí lẹ́nu. Mo rí Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kan tó la obì pupa kan tó ń dán, tí kò ní àbàwọ́n kankan lára, tí ìdin funfun sì ká jọ sínú rẹ̀. Oko ló ti gbé e wá. Kòkòrò ti yé ẹyin sí i kí a tó kó o wálé rárá. Nígbà tí ọmọ inú ẹyin náà bá dàgbà tó ń jáde lọ ló sábà máa ń dá ihò tí à ń rí yẹn lu. Nítorí náà, Ìyá Àgbà kì í ṣa obì lẹ́ẹ̀kan kó gbàgbé. Bó bá ti fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀, yóò tún tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò tún un ṣà.

Obì yìí ni mo rántí lọ́jọ́ Sátidé tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà láti Àgọ́-Ìwòyè wá bá mi, tó jókòó, tí kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí mo gbé fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ni, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Inú ìlú ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Òrù, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, nínú yàrá tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún onílé. Ọmọ tó ti Abígi tàbí Ìwópìn wá láti ìhà omi, tó jẹ́ pé ojú ìyá àti ojú ẹ̀gbọ́n ló ti ń dàgbà, á kàn ṣàdédé di ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Mọ́mì.” Ó na ìwé kan sí mi. Kilamídíà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

“Àmọ́ kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí! Kò yún mi, kò ta mí, n kò rí nǹkan kan. Àbí inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé wa ni mo ti kó o? Àwa mẹ́fà la jọ ń lò ó.”

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì yìí, nítorí ó ti ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Kilamídíà kì í gbé orí ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì dúró de ènìyàn. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, ìyá sì lè kó o ran ọmọ nígbà ìrọbí. Mo mọ ìdí tí orúkọ “àrùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì” fi rọrùn lẹ́nu: kò nàka sí ẹnikẹ́ni, ọmọbìnrin lè sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ̀ kí ojú má tì í. Ṣùgbọ́n bí a bá ti di ẹ̀bi ru tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹnìkejì kò ní gba ìtọ́jú. Ọmọbìnrin náà á kàn ra kápúsù aláwọ̀ méjì ní kẹ́míìsì, tàbí kó mu àgbo, á rò pé ó ti tán. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá tún pàdé, ó tún ti dé.

Àwọn baba wa mọ àtọ̀sí, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì wá egbò sí i, torí àtọ̀sí máa ń pariwo, pàápàá lára ọkùnrin: ìtọ̀ á máa ta á bí ata, ọyún á máa jáde. Kilamídíà kò lórúkọ tirẹ̀ lédè wa. Èrò tèmi ni pé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló fà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin tó ní in ni kì í rí àmì kankan, ọ̀pọ̀ ọkùnrin náà kì í sì í rí i. Bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ ju àtọ̀sí lọ: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020 nìkan, ìkóràn tuntun kilamídíà tó mílíọ̀nù 129 láàárín àwọn tó wà ní ọdún 15 sí 49 káàkiri ayé, ti àtọ̀sí jẹ́ mílíọ̀nù 82.

Ohun tó ń ṣe nígbà tó bá dákẹ́ ló burú. Ó lè gun òkè lọ sí ilé ọmọ àti ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà kọjá, kí ojú àpá dí ọ̀nà náà. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá. Obìnrin náà ti lọ́kọ, ó ń wá ọmọ, ó ń gbààwẹ̀, wọ́n ti ní ìyá ọkọ rẹ̀ ló di í nínú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rò ó pé oògùn ọ̀sẹ̀ kan ì bá ti dá ìjà ilé bẹ́ẹ̀ dúró.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, àmì àrùn ni nọ́ọ̀sì ń wò kó tó fúnni lóògùn. Bí nǹkan bá ń jáde lójú ara rẹ, wọn á tọ́jú rẹ. Bí kò bá sí, wọn á ní kí o máa lọ sílé. Obì oníhò nìkan là ń ṣà. Àyẹ̀wò gidi kò nira fún ara: ìtọ̀ díẹ̀ nínú ife, tàbí òwú orí igi tí obìnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà. Ẹ̀rọ GeneXpert, tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ àwúgbẹ wò nílẹ̀ yìí, lè yẹ kilamídíà àti àtọ̀sí wò pa pọ̀ láàárín wákàtí méjì, tí wọ́n bá ra ike àyẹ̀wò tirẹ̀ sí i. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fẹsẹ̀ rìn dé, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ọwọ́ wọn ká. Ẹ wo bí gbogbo wa ti ń béèrè jínótáìpù lọ́wọ́ ara wa láìtijú, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè rẹ̀ kó tó so tọkọtaya pọ̀. Ìtìjú náà wà níbẹ̀ rí, a borí rẹ̀.

A sì ti rí àgbàlagbà tó borí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí wọ́n bí sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì ti ṣe mínísítà ìlera rí, jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní àrùn éèdì ló pa àbúrò òun, Fẹlá. Kò pè é ní ibà. Oògùn ti wà fún kòkòrò éèdì báyìí, ọ̀fẹ́ ni ìjọba sì ń fún àwọn tó ní in. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò pọ̀ náà, kí ó má ṣe sùn lé e: oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń lò ó. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ ní ẹnì kan tó lè pè lóru.

Mo sọ ọ̀rọ̀ obì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

“Obì tó bá ti níhò, ṣé wọn kì í yọ ọ́ sọ́tọ̀ ni?”

Mo ní wọ́n máa ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ènìyàn fi yàtọ̀ sí obì nìyẹn. Doxycycline ni wọ́n kọ fún un, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Aláboyún ló ń lo oògùn mìíràn. Tó bá lò ó tán, àrùn náà á kúrò lára rẹ̀. Kó má bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀ títí òun àti ẹnìkejì yóò fi parí tiwọn, kó lo kọ́ńdọ̀mù lẹ́yìn náà, kó sì padà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

“Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?”

“Má sọ ẹni tó kó o ran ẹni. Ó lè wà lára fún oṣù púpọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìwé yẹn kò lè sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.”

Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀: “Mo ṣe àyẹ̀wò, wọ́n rí kilamídíà. Mo ti ń lo oògùn. Ó yẹ kí ìwọ náà lọ.” Ó fi ránṣẹ́, ó sì da ojú fóònù dé orí tábìlì. Ilẹ̀ ṣú, kò sí èsì. Aago mẹ́wàá ti lé díẹ̀ kí fóònù náà tó dún.

“Ilé ìwòsàn wo ni?”