Ṣé Ìyá Àgbà Ti Ń Ṣarán Ni, Àbí Ìbéèrè Ni Kò Bá Wọn Mu?

Inú ilé wa ní Ọ̀fà níbí ni ọ̀rọ̀ òní ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ìyá àgbà tó bí màámi pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n tún gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n gbàgbé ẹ̀, ó jóná. Àwọn ará ilé ní, "Ìyá ti ń ṣarán." Mo bá mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan.

Nọ́ọ̀sì mú ìwé ìdánwò kan jáde, 30 ni gbogbo máàkì ẹ̀. Ó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń túmọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń lọ. "Màámá, kí ni déètì òní?" Ìyá àgbà ní, "Ọ̀túnla la máa ná ọjà." Òdo. Ó ní kí wọ́n pe lẹ́tà inú WORLD láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ìyá àgbà wò mí lójú. Wọn ò lọ ilé-ìwé rí láyé wọn. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán onígun márùn-ún méjì tó wọnú ara wọn. Wọ́n di bírò mú bí ẹni di ejò mú. Máàkì 13 ni wọ́n gbà. Nọ́ọ̀sì ní ọpọlọ ìyá ti ń lọ.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n bi mí pé, "Ṣé wọ́n ní mo ti ń ya wèrè ni?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀ ní Owódé, oníkẹ̀kẹ́ fún wa ní ṣéńjì. Ìyá àgbà wo owó náà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó ku igba náírà." Òótọ́ ni.

Statistics ni mò ń kà ní Pólì níbí, ọ̀rọ̀ náà ò sì jẹ́ kí n sùn. Kóńgò la fi ń wọn gàrí. Ẹni tó bá fi kóńgò wọn aṣọ, kò lè torí ẹ̀ sọ pé aṣọ náà kéré. Ìdánwò yẹn wọn ilé-ìwé tí ìyá àgbà ò lọ, ó wá pè é ní ọpọlọ.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìdíkàn

Àwọn kan ti bá ìṣòro yìí jà ṣáájú wa. Lọ́dún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àrùn ìgbàgbé àwọn àgbà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dementia. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntókun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì àti Hugh Hendrie wà lára àwọn tó ṣíwájú iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè nìkan ni.

Àwọn wo ni wọ́n bi? Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ Ọ̀fà mọ ìjàkadì, tó o wá lọ sójú ìjà nìkan, wàá ní gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bákan náà, ẹni tó bá ka àwọn tó wá sí ọsibítù nìkan, aláìsàn ló máa rí. Wọ́n bá ń lọ láti ilé dé ilé.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbà ò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n wá ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá tí ìlú ò lè gbàgbé ṣírò ẹ̀.

Ìbéèrè gan-an ńkọ́? Wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n tún túmọ̀ ẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti wò ó bóyá ìtumọ̀ ti yẹsẹ̀. Ìbéèrè tí ẹni tí ò kàwé lè dáhùn ni wọ́n lò: kí la ń fi òòlù ṣe? Kí la ń pe ìgúnpá yìí? Wọ́n sì tún bi ará ilé léèrè: ṣé ìyá ṣì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀?

Èyí tó wù mí jù: kì í ṣe àwọn tó fìdí rẹmi nìkan ni dókítà yẹ̀ wò. Wọ́n ṣa díẹ̀ lára àwọn tó yege náà. Bí a ò bá wo ẹ̀yìn ẹni tó yege, báwo la ṣe fẹ́ mọ àwọn tí ìdánwò gbójú fò?

Kí ni nọ́ńbà ń sọ?

Wọ́n tọpa àwọn tí kò tíì ní àrùn náà fún nǹkan bí ọdún márùn-ún: 2,459 ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis. Èsì jáde lọ́dún 2001. Lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bọ́ sínú àrùn náà ní Ìbàdàn. Ní Indianapolis, ìdá 3.24 ni. Ká ní 1,000 àgbà ni, bíi 13 tàbí 14 níbí, 32 lọ́hùn-ún.

Ẹ má sáré o! Mo mọ ẹni tó máa fi èyí ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "àmàlà ń wo àrùn ìgbàgbé." Ìwádìí náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ìlú méjèèjì yàtọ̀, iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ilé-ìwé wọn yàtọ̀, ìlera ara wọn náà yàtọ̀. Nígbà tí nǹkan púpọ̀ bá jọ yàtọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ò lè na ìka sí ọ̀kan pé ìwọ lo fà á.

Nọ́ńbà yẹn ò sì mọ ìyá àgbà mi. Ìdá kékeré kọ́ ni òdo. Ẹnì kan ló máa wà nínú ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tún mú wọn lọ sí Ìlọrin. Dókítà bá wọn sọ Yorùbá, ó sì bi èmi náà: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣírò owó? Ó yẹ etí wọn wò. Ti òsì ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó ní ìgbàgbé díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ 13 yẹn ò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ká fi wọ́n wé ara wọn.

Tí ẹ bá tún rí nọ́ńbà nípa ọpọlọ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í: ta ni wọ́n bi, kí ni wọ́n bi í, èdè wo ni wọ́n fi bi í?

Láàárọ̀ yìí, ìyá àgbà tún fi orúkọ àbúrò wọn pè mí. Mo jẹ́ wọn. Mo wá kọ déètì ẹ̀ sínú ìwé, torí oṣù mẹ́fà ò ní pẹ́ pé.